Àbúrò Mi, Béèrè Ohun Tí Ẹ̀rọ Náà Ń Jẹ

Àbúrò mi, ẹni tó bá pẹ́ nínú ìlú bíi Ìbàdàn yìí, ojú rẹ̀ á ti rí oríṣiríṣi òwò tó wọ àdúgbò wá pẹ̀lú ariwo, tí tọmọdé tàgbà dà lé lórí, tí ọdún mẹ́ta kò sì ní pé tí wọ́n á fi tú ká nídìí rẹ̀, tí wọ́n á máa wá èyí tó kàn. Nígbà tí fóònù GSM dé sí orílẹ̀-èdè yìí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, kò sí oríta tí o máa dé tí o kò ní bá agboòrùn àti àga oníke, tí ọ̀dọ́ kan jókòó síbẹ̀ tó ń ta ìpè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Nígbà tó yá, ọ̀yà sísìn ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Lẹ́yìn ọ̀yà ó kan ìgbín, lẹ́yìn ìgbín ó kan ewé móríńgà tí wọ́n ní kò sí àìsàn tí kò lè wò. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí, àmọ́ ẹ̀rín ìfẹ́ ni, torí pé oúnjẹ ọmọ àti owó ilé ìwé ló ń lé ènìyàn káàkiri bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí dì mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn tí òwò ọ̀yà gbè kò pọ̀, àwọn náà sì ni àwọn tó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọ̀yà ń jẹ lójúmọ́ kí wọ́n tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹran rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí o gbé lọ síwájú ẹ̀rọ tó ń wa bitcoin, èyí tí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ fẹ́ gbé sínú yàrá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ yín lára, pé ẹ ti wo fídíò ọmọkùnrin tó jókòó síwájú ẹ̀rọ mẹ́wàá, tí iná tín-ín-tìn-ìn-tín ń ṣẹ́jú lára wọn, tó ní bí òun bá ń sùn owó ń wọlé. Kò burú. Jókòó kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi kò kánjú, owó tìrẹ náà kò sì tíì jáde lápò.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya irọ́ sọ́tọ̀. Ní ọdún 2024, àwọn ọmọ wa ń fi ìka tẹ ojú fóònù tọ̀sán-tòru nítorí eré kan tó ń jẹ́ Hamster Kombat, wọ́n ní àwọn ń wa kùsà. Nígbà tí wọ́n pín owó náà ní oṣù Kẹsàn-án, ohun tó kan ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó nǹkan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tó ń ṣèlérí èrè ńlá lórí kírípítò ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn, àwọn kan sì bínú lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí, wọ́n ń ru àga àti ohun tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀ jáde. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó wa ohunkóhun nínú èyí àkọ́kọ́, kò sì sí nínú èkejì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o fi owó ránṣẹ́ kí òun lè bá ọ wa bitcoin níbi tí ojú rẹ kò tó, tó sì dá èrè tó máa san fún ọ lójoojúmọ́, dìde níwájú rẹ̀.

Bitcoin fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, ìwé àkọsílẹ̀ ìfiránṣẹ́ owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n ń fi ojú ewé tuntun kan kún ìwé yìí, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá sì kọ́kọ́ rí nọ́ńbà tó bá òfin ojú ewé náà mu ló ni ẹ̀bùn. Kò sí làákàyè nínú wíwá nọ́ńbà náà o. Àbá ni ẹ̀rọ ń dá; á mú ọ̀kan, kò ní bá a mu, á mú òmíràn, kò ní bá a mu, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láìsinmi, ẹ̀rọ tó bá sì lè dá àbá púpọ̀ jù nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni oríire rẹ̀ pọ̀ jù. Nítorí pé ẹni kan ṣoṣo lè máa dá àbá títí ayé láì rí nǹkan kan, àwọn tó ní ẹ̀rọ kékeré máa ń kó ara wọn jọ. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́, Slush Pool, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010. Bí àwọn ọdẹ tó jọ wọ igbó ni wọ́n ń ṣe: ẹni yòówù kó pa ẹran, gbogbo wọn ni yóò pín in, olúkúlùkù ní ìwọ̀n ibọn tó gbé wá.

Ẹ̀bùn ojú ewé kan jẹ́ bitcoin 50 nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó di 25 ní 2012, ó di 12.5 ní 2016, ó di 6.25 ní 2020, láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 sì ni ó ti di 3.125. Ojú ewé 144 ló wà lójúmọ́ kan, nítorí náà, bitcoin 450 ni gbogbo ayé jọ ń pín lójúmọ́, yàtọ̀ sí owó ìfiránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí àwọn oníbàárà ń san. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń fò kọjá: ẹ̀rọ tó pọ̀ sí i láyé kò sọ 450 yẹn di 451. Lẹ́yìn ojú ewé 2,016, tó jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìlànà náà á wo ẹ̀yìn, bó bá rí i pé àwọn ẹ̀rọ ti ń yára jù, á mú kí nọ́ńbà náà túbọ̀ ṣòro láti rí. Gbogbo ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tuntun, inú àwo àwọn tó ti wà níbẹ̀ ló ti ń bù. Bí ìwọ náà bá ra tìẹ lónìí, ẹlòmíràn á ra èyí tó yára ju tìẹ lọ lọ́túnla, ìpín rẹ á sì dín kù láìṣe pé o ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, ẹ̀rọ wo ni kí ènìyàn rà? Ní 2009, kọ̀ǹpútà inú ilé tó o. Ní 2010, àwọn ènìyàn rí i pé káàdì tí àwọn ọmọ fi ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà yára jù ú lọ. Ní 2013 ni ẹ̀rọ tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn jáde, tí wọ́n ṣe nítorí bitcoin nìkan, láti ìgbà náà kò sì sí kọ̀ǹpútà tàbí káàdì tó lè bá wọn du mọ́. Àwọn oníkáàdì sá lọ sọ́dọ̀ kírípítò mìíràn tó ń jẹ́ Ethereum, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí Ethereum pa iṣẹ́ wíwa rẹ́ pátápátá lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta káàdì mẹ́fà tí wọ́n so mọ́ irin fún ọ pé ẹ̀rọ kírípítò ni, sọ fún un pé o dúpẹ́.

Èyí tí wọ́n máa ń gbé wá fún àwọn ọ̀dọ́ wa jù ni Antminer S9, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Bitmain ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó jáde ní 2016. Ó fani mọ́ra nítorí pé àlòkù rẹ̀ kò wọ́n. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: bi ara rẹ pé kí ló dé tí ẹni tó wà níbi tí iná ti pọ́ọ́kú fi gbé e jù sílẹ̀. S9 ń dá àbá bíi tírílíọ̀nù 13.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń jẹ iná bíi wáàtì 1,350 láti ṣe é. Antminer S21 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń dá tírílíọ̀nù 200, ó ń jẹ wáàtì 3,500. Tí o bá pín iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ sí iṣẹ́ tó ń ṣe, S9 ń jẹ 100 níbi tí S21 ti ń jẹ 17.5. Ìpín yẹn ni kí o máa wò nígbà tí o bá ń yan ẹ̀rọ, kì í ṣe iye owó rẹ̀, kì í sì í ṣe bó ṣe ń dán. Bó bá jẹ́ àlòkù, má gba pé ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé fáànù rẹ̀ yí. Pátákó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan tàbí méjì ti kú, kí ariwo rẹ̀ má yí padà rárá. Ní kí wọ́n tàn án lójú rẹ fún wákàtí mélòó kan, kí o wo pátákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ yíyan ẹ̀rọ nìyẹn, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. S21 kan tó ń jẹ wáàtì 3,500 láti àárọ̀ dé àárọ̀ yóò jẹ yúníìtì 84 lójúmọ́ kan. Ìwọ náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó iná fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún: láti náírà 68 ni yúníìtì kan ti fò sí náírà 225 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, nígbà tó di oṣù Keje ó dúró sí náírà 209.50. Fi iye yìí lu 84, ó jẹ́ náírà 17,598 lójúmọ́. Lóṣù kan, 527,940.

Nísinsìnyí, kí ló ń mú wá? Ní ọdún 2025, àpapọ̀ agbára gbogbo ẹ̀rọ tó wà nídìí bitcoin lágbàáyé ti tó irú àbá tírílíọ̀nù yẹn lọ́nà bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, ìpín S21 rẹ jẹ́ ọ̀kan nínú mílíọ̀nù márùn-ún, tó túmọ̀ sí bitcoin 0.00009 lójúmọ́. Ká ní bitcoin kan jẹ́ dọ́là 100,000, dọ́là mẹ́sàn-án ni. Ká ní dọ́là kan jẹ́ náírà 1,500, náírà 13,500 ni, ẹgbẹ́ ọdẹ á sì tún yọ owó tiwọn níbẹ̀. O san 17,598 láti gba 13,500, o kò tíì san owó ẹ̀rọ, o kò tíì san owó ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e wá, NEPA kò sì tíì mú iná lọ. S9 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: yóò jẹ iná tó lé ní náírà 6,700, kò sì ní mú ẹgbẹ̀rún kan náírà délé.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, pé jẹnẹrétọ̀ wà. Kò sí jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù tó máa fún ọ ní yúníìtì 84 tí kò ní mu epo tó lé ní ọgbọ̀n lítà lójúmọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, àbúrò mi, fi ìyẹn sílẹ̀. O tún fẹ́ sọ pé sólà kò ní owó oṣù. Òótọ́ ni, àmọ́ oòrùn apá ọ̀dọ̀ wa, tí a bá fi ìkùukùu àti òjò ṣírò, ká fi í sí nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin gidi lójúmọ́. Kí o tó rí yúníìtì 84 níbẹ̀, wàá nílò páńẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 550 bíi méjìdínlógójì, àti bátìrì tí yóò gbé e la òru kọjá. Ẹni tó bá ní owó ìyẹn lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá tàbí yàrá ẹja dídì ni kó fi tanná fún, ará àdúgbò á sì rí nǹkan rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn kan ń gbà, wọ́n ń yí wáyà gba ẹ̀yìn mítà. Olè ni. Bàbá rẹ kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àwọn tẹ́ ẹ jọ wà lórí ẹ̀rọ tiransifọ́mà kan náà ni yóò sì sun òkùnkùn nígbà tó bá jó.

Ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò wa ló jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i. Yàrá kan ló háyà nínú ilé onípalọ̀, ó gbé S9 méjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ igbe fáànù wọn, nígbà tí mo sì wọlé, a ní láti máa pariwo sétí ara wa ká tó gbọ́ra. Ìyá ọlọ́mọ tuntun tó wà ní yàrá kejì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà ti yọ díńgí ojú fèrèsé kan, ó gbé fáànù orí tábìlì síbẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ inú yàrá, ẹ̀yìn ẹ̀rọ méjèèjì sì kọjú sí ògiri, nítorí náà ooru tí wọ́n ń tú jáde ń kan ògiri, ó ń ṣẹ́rí padà, àwọn ẹ̀rọ náà sì ń fà á mu lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣẹ́ẹ̀tì tó so kọ́ lẹ́yìn wọn ti gan bí ẹni lọ̀ ọ́. Mo tẹ̀ ba, mo fọwọ́ kan ibi tí wáyà àfàgùn wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo yára fà á padà: ike funfun náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òórùn ike jíjó ti wà lábẹ́ ibùsùn, ọmọ náà sì ní òun rò pé ẹ̀rọ tuntun ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ méjì yẹn ń fa áńpìa bíi 12 láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì oníáńpìa 13 lọ́sàn-án àti lóru. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa á kí n tó jáde, ó sì pa á.

Nítorí náà, bí ìwọ yóò bá gbé e sílé láìka gbogbo ìṣirò yìí sí, kọ́kọ́ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́. S21 kan ń fa áńpìa bíi 16 lórí fóòtì 220, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń lọ aṣọ kò lè gbé e. Wáyà tirẹ̀ ni kó ní láti ojú mítà, kí ó nípọn, 4 mm² ó kéré tán, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀ àti wáyà ilẹ̀ tó wọlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ẹ̀rọ yìí fẹ́ iná tó lé ní fóòtì 200. Bí iná àdúgbò yín bá ń rọ̀ wá sí 160 ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa tàn, wọ́n á máa kú, títàn àti kíkú léraléra yẹn sì lè bà wọ́n jẹ́ kíákíá.

Ooru ló kù. Gbogbo iná tó bá wọ inú ẹ̀rọ yìí, ooru ni yóò bá jáde, kò sí èyí tó ń ṣòfò síbòmíràn. Wáàtì 3,500 ooru ni agbára ẹ̀rọ amúlétutù oníwọ̀n ẹṣin kan ààbọ̀ láti gbé jáde nínú yàrá, bó bá ń ṣiṣẹ́ láìdákẹ́, òun náà á sì jẹ iná tirẹ̀ tó ju ẹgbẹ̀rún wáàtì lọ. Ẹni tó bá ní amúlétutù ni òun yóò fi tù ú ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún owó iná. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ̀rọ máa mí láti ìta, kó sì máa mí síta: kí afẹ́fẹ́ tútù gba ìsàlẹ̀ wọlé láti ojú kan, kí ooru gba ihò kan jáde lókè láti ojú kejì, kí méjèèjì má pàdé láé. Fi àwọ̀n sẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí o máa fọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku ọ̀sẹ̀ kan tó láti dí i. Ìyàrá ìta tó jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn ló yẹ ẹ́, torí ariwo rẹ̀ tó dẹ́síbẹ̀lì 75, aládùúgbò rẹ kò sì bá ọ pín nínú èrè.

Bí o bá wo àwọn tó ń jèrè nídìí bitcoin, wàá rí i pé iná ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n tó ní ẹ̀rọ. Ní Málàwì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Mulanje, omi tó ń sàn ń yí ẹ̀rọ iná kékeré kan fún àwọn ará Bondo, iná náà pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè lò lọ, ilé iṣẹ́ Gridless láti Kẹ́ńyà sì gbé ẹ̀rọ bitcoin lọ síbẹ̀ láti ra èyí tó ń ṣòfò. Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. Ní Plattsburgh, ìpínlẹ̀ New York, ní 2018, àwọn oníbitcoin ya wọ ìlú nítorí iná omi tó pọ́ọ́kú, títí owó iná àwọn onílé fi gòkè, tí ìlú sì fi òfin dá àwọn tuntun tó fẹ́ wọlé dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí yúníìtì kan ti jẹ́ nǹkan bíi pẹ́ńsì 25 ní ọdún 2025, kò lè fi ilé wọn ṣe é jèrè, àyàfi tí wọ́n bá ka ooru tí wọ́n rí lò nígbà òtútù mọ́ ọn. Àwa tí oòrùn ń pa ní Ìbàdàn kò tilẹ̀ ní rí ìyẹn kà.

Ìdájọ́ tèmi nìyí: lórí iná ìjọba, má gbé ẹ̀rọ ńlá sílé. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ni ò ń wá, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ra Bitaxe, ẹ̀rọ kékeré tó lè jókòó lórí tábìlì, tó ń jẹ wáàtì bíi 18 péré, tó sì ń dá àbá bíi tírílíọ̀nù 1.2. Má retí owó níbẹ̀, nítorí tí a bá ṣírò rẹ̀, ó lè tó ọdún 15,000 kí òun nìkan tó rí ojú ewé kan, àmọ́ yóò kọ́ ọ bí iná, ooru àti ìwé bitcoin ṣe ń bá ara wọn ṣe, ẹni tó bá sì mọ iná àti ooru ní ìlú yìí kò ní rí ìyà iṣẹ́ ní ìdí sólà. Bí o bá sì ti pinnu pé ńlá lo máa rà, kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé kan: iye wáàtì ẹ̀rọ, iye tí wọ́n ń ta yúníìtì kan fún ọ, ìpín rẹ nínú 450, àti ibi tí ooru yóò gbà jáde. Mú un wá hàn mí kí o tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo wà nílé.